Ìpẹtà àti Ojúlówó: Bí A Ṣe Ń Dá Ọkọ̀ Asáré Àtijọ́ Sí

Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, ọdún 2009, àwọn ènìyàn pé jọ sí etí adágún omi Maggiore, ní ìlú Ascona, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Súwísì. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ni wọ́n wá wò, èyí tí àwọn amòòkùn ń fà bọ̀ láti ìsàlẹ̀ omi. Nígbà tí ó yọrí, gbogbo ojú ló rí i pé ó ti jìyà: ibi púpọ̀ lára rẹ̀ ti jẹ, ìpẹtà ti bo irin rẹ̀, ẹrẹ̀ sì ń kán sílẹ̀ láti ara rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ ọkọ̀ kò ní ṣì í mọ̀. Bugatti ni, Type 22, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Brescia, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1925.

Ettore Bugatti, ọmọ ìlú Milan ní ilẹ̀ Ítálì, ni ó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Molsheim, ní ẹkùn Alsace, ní ọdún 1909, nígbà tí ẹkùn náà ṣì wà lábẹ́ àkóso Jámánì. Ní ọdún 1921, nínú eré ìje kan ní ìlú Brescia, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ kéékèèké gba ipò kìn-ín-ní, ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Láti ìgbà náà ni orúkọ ìlú yẹn ti mọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lára. Wọn kò tóbi, wọn kò sì wúwo. Ẹ́ńjìnnì tó gbóná lára ohun tó fúyẹ́ ni gbogbo àṣírí wọn.

Báwo ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ẹrù ìsàlẹ̀ omi? Àwọn aṣọ́bodè ni kí ẹ bi. Ọkọ̀ náà wọ ilẹ̀ Súwísì láìsan owó bodè, ẹni tí ó ni ín sì ti fi ìlú sílẹ̀. Òfin sọ pé kí wọ́n ba á jẹ́. Ní ọdún 1936, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú adágún náà, kí wọ́n lè rí i fà jáde padà bí ọ̀rọ̀ bá yí. Ẹ̀wọ̀n náà dípẹtà, ó já, ọkọ̀ sì lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí omi ti jìn ju mítà 50 lọ. A lè fi ṣe àwàdà pé ìpẹtà ló bá wa gbé e pamọ́. Ní ọdún 1967, amòòkùn kan rí i níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn amòòkùn àdúgbò ti ń lọ wò ó bí ẹni ń lọ kí àgbàlagbà ìdílé, ṣùgbọ́n wọn kò gbé e kúrò. Ìbànújẹ́ ni ó yí èyí padà. Ní ọdún 2008, àwọn ìpáǹle lu ọ̀dọ́mọkùnrin kan pa ní ìlú Locarno, tí kò jìnnà sí Ascona. Ẹgbẹ́ àwọn amòòkùn náà pinnu pé àwọn yóò gbé ọkọ̀ náà jáde, àwọn yóò tà á, owó rẹ̀ yóò sì lọ fún àjọ tí a dá sílẹ̀ ní ìrántí olóògbé náà, láti gbógun ti ìwà ipá láàrin àwọn ọ̀dọ́.

Wọ́n tà á ní gbàǹjo ní Paris ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, iye tí ó mú wá sì jẹ́ 260,500 euro. Ẹni tí ó rà á ni Peter Mullin, ará Amẹ́ríkà tí ó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ní Oxnard, ní ìpínlẹ̀ California, nígbà ayé rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ṣe aláìní owó tí yóò fi sọ ọkọ̀ náà di tuntun, kí ó máa dán bí ọjọ́ tí ó jáde ní Molsheim. Kò kàn fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé e kalẹ̀ fún àwọn òǹwòran bí adágún ṣe dá a padà, pẹ̀lú gbogbo ìpẹtà ara rẹ̀.

Ohun tí ó mú ọlọ́gbọ́n ènìyàn ṣe irú ìpinnu yìí ni mo fẹ́ tọpa rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó àti ohun ìṣeré wọn nìkan ni. Àwa olùkọ́ ìtàn a máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ìwé àtijọ́ tí ẹnì kan fi yíǹkì tuntun tún kọ lójú àwọn lẹ́tà rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí mọ́, bí ó ti wù kí ó rọrùn láti kà tó. Ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ náà jẹ́ ìwé. Bí òòlù ṣe kọ ilà sí inú irin rẹ̀ níbi tí ojú kò tó, irú ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún, ibi tí oníṣẹ́ ti fi búrọ́ọ̀ṣì kánjú kọjá nítorí pé agogo oúnjẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, gbogbo rẹ̀ ń sọ fún wa bí àwọn ènìyàn ṣe ṣiṣẹ́ ní ìgbà kan. Ìpẹtà ń jẹ ìwé náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ìpẹtà pẹ̀lú, láìmọ̀, ti pa ojú ìwé púpọ̀ rẹ́.

Ìpẹtà, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìpáàrà, kì í ṣe ìdọ̀tí tí ó lẹ̀ mọ́ irin. Irin fúnra rẹ̀ ni, tí ó ti dàpọ̀ mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ àti omi, tí ó sì ń padà sí nǹkan bí ohun tí ó jẹ́ nínú ilẹ̀ kí iná tó sọ ọ́ di irin. Iyọ̀ ni ó máa ń mú un yára. Àwa tí a mọ etí òkun mọ èyí dájú: páànù orí ilé ní Kútọnu kì í pẹ́ tó ti Kétu. Àwọn ọkọ̀ àlòkù tí ń ti Yúróòpù gúnlẹ̀ sí èbúté wa náà sábà máa ń gbé ìpẹtà tiwọn bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, nítorí pé iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí ojú títì níbẹ̀ ní ìgbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Àwọn tôlier wa ni yóò jẹ́rìí sí i. Omi adágún Maggiore kì í ṣe omi iyọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tutù. Bí ó bá jẹ́ òkun ni wọ́n sọ Bugatti yẹn sí, ohun tí wọn ì bá fà jáde kò ní tó kó kalẹ̀ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀: ìpẹtà máa ń wú. Àyè tí ó ń gbà ju ti irin tí ó jẹ lọ. Nítorí náà ni ó ṣe ń ti ọ̀dà kúrò lára ọkọ̀, tí ó sì ń ya irin méjì tí a jó pọ̀ nípá.

Ọkọ̀ ayé Bugatti ìgbà náà rọrùn láti gbà sílẹ̀ ní ọ̀nà kan. Ṣáásí irin tó nípọn wà nísàlẹ̀, ara ọkọ̀ jókòó lórí rẹ̀ lọ́tọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń kọjá láàrin méjèèjì. Omi tí ó bá bọ́ sí i yóò ṣàn lọ, oòrùn yóò sì gbẹ ìyókù. Àwọn ọkọ̀ asáré tí ó dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ìpẹtà rí bí oúnjẹ. Ẹ wo Jaguar E-Type, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi han ayé ní Geneva ní oṣù Kẹta ọdún 1961. Kò ní ṣáásí odindi bí ti àtijọ́. Irin pẹlẹbẹ fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n jó pọ̀ di àpótí gígùn gígùn lábẹ́ ilẹ̀kùn àti lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, àwọn àpótí náà ni ó sì gbé ọkọ̀ ró. Inú wọn ṣófo, wọ́n sì pa dé. Ọ̀dà kò dé inú ibẹ̀ dáadáa nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ṣùgbọ́n omi dé ibẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà: ìta ọkọ̀ lè máa dán gbinrin nígbà tí irin inú àpótí ti di ohun tí a lè fi ìka rún.

Àwọn ará Faransé ní tiwọn. Jean Rédélé, ọmọ ìlú Dieppe, ṣe Alpine A110 ní ọdún 1962, ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ búlúù tí ó gba ìdíje Monte-Carlo ní ọdún 1971 àti 1973, tí ó sì gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti ìdíje rally fún ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1973 kan náà. Ara Alpine kì í dípẹtà rárá, nítorí pé òwú dígí tí a fi polyester mọ ni. Ẹni tí kò bá mọ̀dí ọ̀rọ̀ yóò rò pé a ti yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ẹ̀yìn irin kan wà lábẹ́ ara yẹn, òun ni ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ so mọ́. Ara tí kì í jẹrà ti bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ń dá jẹrà nínú òkùnkùn. Ní Milan, ilé iṣẹ́ Touring gba ọ̀nà mìíràn tí wọ́n pè ní Superleggera: ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni egungun, alumíníọ̀mù ni awọ tí wọ́n fi bò ó. Aston Martin lo ọ̀nà yìí fún DB4 ní ọdún 1958. Níbi tí irin àti alumíníọ̀mù bá ti fara kan ara wọn, tí ọ̀rinrin sì wà, iná mànàmáná kékeré yóò máa ṣàn láàrin wọn bí inú bátìrì, alumíníọ̀mù yóò sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Mo ka èyí sí ìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ohun tuntun tí kì í dípẹtà ti yẹ gbèsè náà kúrò. Ó kàn gbé e síbi tí ojú kò rí ni.

Kí ni àwọn ènìyàn ìgbà náà ṣe sí i? Ohun tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé kí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kíki, ìbátan goudron tí a fi ń tẹ́ títì, kun gbogbo abẹ́ ọkọ̀. Lójú gbogbo ènìyàn, ààbò ni. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ọ̀dà náà gbẹ, ó là wẹ́wẹ́, omi wọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì rí ọ̀nà jáde mọ́. Irin tí ì bá gbẹ lẹ́yìn òjò wá ń mumi láti ọdún dé ọdún lábẹ́ aṣọ tí a fi bò ó.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbí, nítorí pé irú nǹkan yìí wà ní ọ̀dọ̀ wa. Ní Àjàṣẹ́, àwọn ilé tí àwọn Àgùdà kọ́ nígbà tí wọ́n ti Brazil dé ṣì ń bẹ, amọ̀ sì ni ògiri ọ̀pọ̀ nínú wọn. Amọ̀ máa ń mumi, a sì máa mí i jáde. Nígbà tí onílé bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú nítorí pé sìmẹ́ńtì le, ọ̀rinrin tí ó ń gòkè láti ìpìlẹ̀ yóò há sínú ògiri, amọ̀ yóò sì máa yọ́ lẹ́yìn ojú tó ń dán. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní École du Patrimoine Africain, tí ó ti wà ní Àjàṣẹ́ láti ọdún 1998, ni pé kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tí ń ba nǹkan jẹ́, kí a dènà rẹ̀, kí a tó ronú àtúnṣe. Àwọn olùtọ́jú ọkọ̀ gba ọ̀nà tiwọn dé ibi ẹ̀kọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kan wà tí ó wá ìdáhùn láti ìpìlẹ̀. Porsche, ní ilẹ̀ Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí fi síǹkì bo irin ara 911 láti orí àwọn ọkọ̀ ti ọdún 1976, wọ́n sì ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọdún mẹ́fà pé ìpẹtà kò ní jẹ ẹ́. Síǹkì ń fi ara rẹ̀ rúbọ fún irin: òun ni ọ̀rinrin kọ́kọ́ ń jẹ, bí ó bá sì ṣì wà níbẹ̀, irin yóò máa gbé ní àlàáfíà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó ní 911 ti ọdún 1970 fi ń sùn lójú kan, tí ẹni tí ó ní ti ọdún 1980 fi lè fi ojú méjèèjì sùn. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè dá síǹkì padà sẹ́yìn fún èyí tí a ti ṣe láìsí i. Bí a bá tú ọkọ̀ ọdún 1965 palẹ̀, tí a rì í sínú síǹkì, a ti ṣe ọkọ̀ tí kò sí ní ọdún 1965.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ojúlówó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ṣì jẹ́ àlòkù lásán, ẹni tí ó ní wọn a máa lẹ̀ wọ́n, a máa fi ìlẹ̀pa dí ihò, a sì máa lò wọ́n títí wọn yóò fi kú. Nígbà tí wọ́n di ohun iyebíye, ìṣe mìíràn dé. Ní Pebble Beach, ní California, níbi tí ìdíje ẹwà ọkọ̀ ti ń wáyé láti ọdún 1950, ọkọ̀ tí ó dán jù ni ó ń gba ẹ̀bùn. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọkọ̀ palẹ̀ dé egungun. Wọ́n fi yanrìn fẹ́ ọ̀dà àtijọ́ dànù, wọ́n gé gbogbo irin tí ìpẹtà ti tọ́ wò, wọ́n jó tuntun mọ́ ọn, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà òde òní tí ó jinlẹ̀, tí ó sì dán ju ohunkóhun tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ lè ṣe nígbà náà lọ. Awọ ìjókòó tuntun, kápẹ́ẹ̀tì tuntun, bóòtù tuntun. Àgbẹ̀ kan lè sọ pé ọkọ́ bàbá òun ni òun ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pààrọ̀ irin rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí ó sì ti pààrọ̀ ẹ̀rú rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. A óò gbà fún un, nítorí pé iṣẹ́ oko ni ọkọ́ wà fún. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e wá síwájú wa pé kí a wá wo bí alágbẹ̀dẹ ayé bàbá òun ṣe ń rọ irin, kí ni a óò rí? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìpẹtà lọ lóòótọ́; gbogbo ohun tí ìpẹtà kò ì tíì jẹ náà bá a lọ.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Mulhouse, ní Alsace kan náà, àwọn arákùnrin méjì tí ń jẹ́ Hans àti Fritz Schlumpf, àwọn olówó ilé iṣẹ́ òwú irun àgùntàn, kó ọkọ̀ jọ ní bòókẹ́lẹ́ fún ọdún púpọ̀, Bugatti ni ó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì gba oníṣẹ́ ọwọ́ láti sọ wọ́n di tuntun. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà wó, àwọn òṣìṣẹ́ tí kò rí owó wọn gbà já wọ inú gbọ̀ngàn náà ní ọdún 1977, wọ́n sì rí ibi tí èrè wá lọ. Ìjọba Faransé sọ àkójọ náà di ohun ìní ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1978, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí ní 1982. Àwọn ọkọ̀ mìíràn kù, tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn, tí eruku bò ní ibi tí wọ́n kó wọn sí. Nǹkan bí 60 nínú ìwọ̀nyí ni Peter Mullin rà ní ọdún 2008, èyí tí ó jẹ́ kí a mọ̀ pé kì í ṣe ìfẹ́ òjijì ni ó mú un fi Bugatti inú adágún sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ọdún 2015 ni ọjà gbàǹjo fi ohùn tirẹ̀ sí i. Roger Baillon, onímọ́tò akẹ́rù ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Faransé, ti kó ọkọ̀ jọ láti àwọn ọdún 1950, ó fẹ́ dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀. Òwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, wọ́n tà lára àwọn ọkọ̀ náà, ìyókù sì wà níbi tí wọ́n wà lábẹ́ àwọn ìta tí a fi páànù bò, tí igi ń hù gba inú àwọn mìíràn kọjá. Nígbà tí ilé gbàǹjo Artcurial rí wọn ní ọdún 2014, díẹ̀ ni ó kù kí apá kan nínú wọn di ilẹ̀pa. Ferrari 250 GT California ti ọdún 1961, tí òṣèré Alain Delon ti ni rí, kò sí ní ìta. Inú gáràájì ni ó wà, tí wọ́n to ìwé ìròyìn àtijọ́ lé lórí. Wọn kò fọ̀ ọ́, wọn kò kùn ún. Bí eruku ṣe wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e wá sí Paris ní oṣù kejì ọdún 2015, ó sì mú ohun tó lé ní mílíọ̀nù 16 euro wá. Mo gbà pé ọgbọ́n kọ́ ni ó kọ́kọ́ yí ọkàn àwọn olówó padà. Owó ni. Nígbà tí wọ́n rí i pé eruku níye lórí, wọn kò yára gbé kànìnkànìn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí gáràájì yẹn ṣe: òrùlé tí kò jò nìkan ni ìyàtọ̀ láàrin Ferrari náà àti àwọn tí ó jẹrà ní ìta. Ẹnikẹ́ni kò fi oògùn kan pa á lára.

Àwọn tí ó ti ń ronú lórí rẹ̀ tipẹ́ ti fi èrò wọn sílẹ̀ ní ọdún díẹ̀ ṣáájú. Àpapọ̀ ẹgbẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ lágbàáyé, FIVA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1966, fọwọ́ sí ìwé kan ní ọdún 2012 tí a mọ̀ sí Àdéhùn Turin. Wọ́n mú ìmọ̀ràn rẹ̀ láti inú Àdéhùn Venice ti ọdún 1964, èyí tí a kọ nítorí àwọn ilé àti ìlú àtijọ́. Ó ya ìpamọ́, ìtọ́jú àti àtúnṣe sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì fi àtúnṣe ṣe ìkẹyìn. Ó ní kí ohunkóhun tí a bá ṣe wà ní àkọsílẹ̀, kí ohun tí a bá sì fi rọ́pò àtijọ́ ní àmì tí yóò fi í hàn yàtọ̀. Kò fi dandan sọ pé kí ọkọ̀ jókòó sójú kan; ó gbà pé ara ohun tí ó jẹ́ ọkọ̀ ni pé kí ó máa rìn.

Bí a bá ní kí a tẹ̀ lé ìlànà yìí nínú iṣẹ́ ọwọ́, ìpẹtà ni a ó kọ́kọ́ kọjú sí, omi ni a ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ ni ilé iṣẹ́ fi ihò kéékèèké sí nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti nínú àwọn àpótí abẹ́ rẹ̀ kí omi lè jáde. Ewé àti ẹrẹ̀ ni ó ń dí wọn. Ẹni tí ó bá ṣí wọn ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ ju ti ẹni tí ó ra ọ̀dà tuntun lọ. Lẹ́yìn náà ni ìda: a ó yọ́ ọ títí yóò fi ṣàn, a ó sì fẹ́ ẹ gba àwọn ihò tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ wọ inú àpótí tí ó pa dé, kí ó wọ gbogbo igun. A kò gbọdọ̀ lu ihò tuntun. Ìda kì í gbẹ kí ó là bí ọ̀dà dúdú ìjọsí, bí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá sì fẹ́ yọ ọ́ kúrò láti wo irin, epo gbígbóná díẹ̀ ni yóò fi nù ún. Èyí ni ìdí tí mo fi gbà pé òun ni ó dára jù: ó ń dáàbò bo irin láìgba ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbi tí ìpẹtà ti wà lójú, ọwọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni a ó fi gba èyí tí ó ń yẹ̀ kúrò, a ó sì fi èyí tí ó di irin mú ṣinṣin sílẹ̀. Àwọn olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tún máa ń lo tannin, ohun kan tí ó wà nínú èèpo igi tí a fi ń ṣe awọ, láti sọ ìpẹtà pupa di dúdú tí kò tètè gbòòrò mọ́. Epo tàbí ìda ni yóò tẹ̀lé e. Ọ̀dà àtijọ́ tí ó ti ṣá, a kì í fi nǹkan líle họ ọ́. Fífọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ ti tó.

Afẹ́fẹ́ ni ó le jù láti ṣètò. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá wà ní ìsàlẹ̀ nǹkan bí 50%, ìpẹtà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ìbá rọrùn bí irin nìkan bá ni ọkọ̀. Ṣùgbọ́n igi wà nínú ara àwọn ọkọ̀ ayé Bugatti, awọ wà lórí ìjókòó, rọ́bà wà lẹ́sẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí irin fẹ́ ni ó ń mú igi sán, tí ó sì ń mú awọ fọ́. Ọ̀rinrin tí awọ fẹ́ ni irin ń kú sí. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò lè tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn, wọ́n kàn ń wá àárín tí kò sí ẹni tí yóò jìyà jù ni, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ kí ó má baà máa lọ sókè sódò. Aṣọ onírọ́bà tí a fi bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀ burú ju àìbò rẹ̀ lọ, nítorí pé kò jẹ́ kí ó mí. Bóyá a óò tilẹ̀ sọ pé gáràájì Baillon, pẹ̀lú ìwé ìròyìn tí ń fa ọ̀rinrin, kò burú tó bí ó ṣe rí lójú.

Ìbéèrè kan kù, òun ni ó ń mú àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ bá ara wọn jà. Bí irin tí ó gbé ẹ̀mí ró bá ti jẹ tán ńkọ́? Igi ẹ̀yìn Alpine tí ó ti rún kò lè gbé ènìyàn sáré láìléwu, bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn wà ní títì tí kò fara mọ́ ìwádìí ìtàn wa. Ní tèmi, ọ̀nà méjì péré ni mo rí. Ẹni tí kò ní wà á mọ́ lè fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, bí wọ́n ti ṣe fún Bugatti inú adágún. Ẹni tí yóò wà á gbọ́dọ̀ gé ibi tí ó jẹrà, ibẹ̀ nìkan, kí ó má ṣe gé ọwọ́ nítorí èékánná. Kí ó ya àwòrán rẹ̀ kí ó tó gé e. Kí ó fi irin tí ó nípọn bí ti àtijọ́ dí i, kí ó jó o ní irú ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ gbà jó o. Èyí tí ó gé kúrò, kí ó dì í, kí ó kọ orúkọ ibi tí ó ti yọ ọ́ sí i lára, kí ó sì fi í sínú àpótí tí yóò máa bá ọkọ̀ náà lọ láti ọwọ́ olówó kan dé òmíràn. Kí ó tó fi ọ̀dà bo ojú irin tuntun náà, kí ó fi òòlù àti irin ìlùmì lu ọdún tí ó ṣe é sí ara rẹ̀, níbi tí ẹni tí ó bá ń wá a yóò ti rí i.